Eversense 365: sẹ́ńsọ̀ ṣúgà tó ń gbé abẹ́ awọ fún ọdún kan, àti bó ṣe máa rí fún un ní Òṣogbo

Ohun tí àwọn alátọ̀gbẹ máa ń kọ́kọ́ béèrè nípa Eversense ni pé, ṣé ìka gígún ti parí nìyẹn? Rárá o. Ó dín kù gan-an, ṣùgbọ́n kò parí, ìwọ̀nba ìka gígún tó ṣẹ́ kù yẹn sì ni gbogbo nọ́ńbà tí ẹ̀rọ náà ń gbé jáde gbára lé. Ẹni tó bá kó strip, ìyẹn bébà pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kán ẹ̀jẹ̀ ìka sí láti fi wọn ṣúgà, dànù nítorí pé ó ti ní sẹ́ńsọ̀ lápá, kò ní pẹ́ tí yóò fi máa ka irọ́.

Kí a tètè sọ ìdájọ́ wa. Ẹ̀rọ tó dára ni, iṣẹ́ ọpọlọ sì wà nínú rẹ̀. Àmọ́ tó bá jẹ́ ẹni tó ń gbé Òkè-Fìà tàbí Ìgbọ̀nà láti ọdún dé ọdún ló ń bi wá, a ò ní sọ pé kó máa wá a kiri. Ẹni tí a kọ èyí fún jù ni ọmọ Òṣogbo tó wà ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti fi sí i lápá lọ́hùn-ún, tó wá ń múra àtiwálé fún Iléyá, ọdún Ọ̀ṣun tàbí òkú àgbà, àti àwọn ará ilé tó máa gbà á lálejò.

Kápúsù kékeré kan ni ohun tó ń lọ sábẹ́ awọ: gígùn rẹ̀ jẹ́ mílímítà 18.3, ìbú rẹ̀ jẹ́ 3.5. Kò ní bátìrì nínú. Èròjà kan bíi jẹ́ẹ̀lì wà lára rẹ̀ tí ṣúgà máa ń so mọ́. Iná kékeré inú kápúsù á tàn sí jẹ́ẹ̀lì yìí, jẹ́ẹ̀lì náà á sì dá ìmọ́lẹ̀ padà. Bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó nínú omi ara tó yí i ká ni ìmọ́lẹ̀ tó ń padà ṣe máa lágbára tó. Òrùka kan tún wà lára rẹ̀ tó ń tú oògùn dexamethasone sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ara má bàa wú yí i ká bó ṣe máa ń wú yí ẹ̀gún tó bá wọlé síni lára ká. Ilé iṣẹ́ Senseonics, ní Germantown, ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ló ṣe é. FDA, àjọ tó ń mójú tó oògùn àti ẹ̀rọ ìṣègùn níbẹ̀, fọwọ́ sí èyí àkọ́kọ́ ní 2018, 90 ọjọ́ nìyẹn ń lò. Eversense E3 tó ń lo 180 ọjọ́ dé ní 2022, èyí tó ń lo ọdún kan gbáko sì gba àṣẹ ní September 2024. Ọmọ ọdún 18 sókè ni wọ́n gbà á láyè fún. Tó bá jẹ́ ọmọdé lẹ ń wá a fún, ọ̀rọ̀ Libre àti Dexcom, àwọn sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ orí awọ, tó wà nísàlẹ̀ ni tiyín.

Fífi sí ara kò le. Dókítà tó kọ́ṣẹ́ rẹ̀ ló ń ṣe é nínú ọ́fíìsì rẹ̀, kò dé tíátà. Ẹ̀yìn apá òkè ni, láàárín èjìká àti ìgúnpá. Wọ́n á kọ́kọ́ gbé transmitter, ẹ̀rọ tó máa ń wà lókè awọ, lé ibẹ̀ kí ẹ fi wo ibi tí kò ti ní máa dí yín lọ́wọ́, wọ́n á sàmì sí i, wọ́n á fọ awọ, wọ́n á gún abẹ́rẹ́ lidocaine síbẹ̀ kí ibẹ̀ má bàa mọ ìrora. Ibi tí abẹ máa là kò tó sẹ̀ǹtímítà kan. Irin kan tí ẹnu rẹ̀ kò mú ló ń la ọ̀nà sábẹ́ awọ, irin kejì á wá ti kápúsù wọlé, pílásítà tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n sì fi ń pa ojú rẹ̀ pọ̀ láìrán an. Lẹ́yìn náà, ẹ máa dúró fún wákàtí 24 kí ẹ̀rọ tó ṣetán láti ka nǹkan kan, kí ẹ sì yẹra fún ẹrù wúwo fún ọjọ́ bíi mélòó kan. Ohun méjì ni kí ẹ ṣọ́ níbi iṣẹ́ yìí. Àkọ́kọ́, tí wọ́n bá ti kápúsù jìn jù, transmitter ò ní gbóhùn rẹ̀ dáadáa, ọjọ́ tí wọ́n bá fẹ́ yọ ọ́ á sì di wàhálà. Ìkejì, ẹni tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ máa ń wú di kílọ́ìdì gbọ́dọ̀ là á mọ́lẹ̀ fún dókítà kí abẹ tó kan ara, torí apá òkè wà lára ibi tí kílọ́ìdì ti máa ń yọ gan-an.

Inú apá kọ́ ni wàhálà Eversense wà ṣá, òkè awọ ni.

Transmitter ni ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dúdú tí ẹ máa lẹ̀ mọ́ awọ, lókè ibi tí kápúsù wà gan-an. Òun ló ń fún kápúsù lágbára láìsí wáyà, tó ń gba ìwọ̀n ṣúgà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún, tó sì ń fi Bluetooth gbé e sórí fóònù. Níwọ̀n bí kápúsù ò ti ní bátìrì, àkókò yòówù tí transmitter ò bá fi sí lápá, wíwọ̀n dúró nìyẹn. Kò sí àkọsílẹ̀ kankan tó ń dúró dè yín nínú kápúsù pé ẹ máa wá gbà á tó bá yá.

Ojoojúmọ́ ló ń fẹ́ iná, bíi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Òṣogbo ni National Control Centre tó ń darí iná ọba fún gbogbo Nàìjíríà wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n a ò ní gba ẹnikẹ́ni nímọ̀ràn pé kó gbójú lé iná ọba nítorí ìyẹn. Okùn USB ló ń lò, power bank kékeré tó ń ṣiṣẹ́ fún fóònù ti tó o. Ìrọ̀lẹ́, nígbà tí ẹ bá fẹ́ wẹ̀, ni kí ẹ máa ṣe é: ẹ yọ ọ́, ẹ fi síná, ẹ wẹ̀, ẹ nu apá gbẹ, ẹ fi pílásítà tuntun lẹ̀ ẹ́ padà. Àwọn tó ń ṣe é láàárọ̀ máa ń sùn pẹ̀lú bátìrì tó ti ń lọ sópin, bẹ́ẹ̀ òru ni ṣúgà tó já wálẹ̀ léwu jù lọ, torí kò sí ẹni tó lajú láti rí i pé ẹnì kan ń làágùn, ó ń gbọ̀n.

Pílásítà tó ń di transmitter mú, ojoojúmọ́ lẹ máa pààrọ̀ rẹ̀. Gọ́ọ̀mù sílíkóònù ló ní, kì í sábà bó awọ, ó sì dára fún ẹni tí pílásítà Libre máa ń yún lára. Àléébù ibẹ̀ ni pé gọ́ọ̀mù tó rọ̀ báyẹn kì í pẹ́ já lára ẹni tó ń làágùn. Nínú ooru February àti March, ẹni tó bá fi ẹsẹ̀ rìn láti Ọjà Ọba dé Ọláìyá lọ́sàn-án gangan lè ní láti pààrọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan. Òógùn ò tiẹ̀ tó ọ̀rá. Òrí, Vaseline àti epo àgbọn ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Nígbà ọyẹ́ tí tọmọdé tàgbà ń fi òrí para, ẹ fi àyè tó tó àtẹ́lẹwọ́ sílẹ̀ lápá yẹn láìpara, tí òrí bá sì ti kàn án, ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kí ẹ tó lẹ nǹkan mọ́ ọn. Òjò ò lè ṣe é ní nǹkan kan: ó lè wà nínú omi tó jìn tó mítà kan fún 30 ìṣẹ́jú. Ẹni tó bá fẹ́ lúwẹ̀ẹ́ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ ni kó yọ ọ́.

A gbọ́dọ̀ fún un ní ìyìn tirẹ̀ níhìn-ín. Transmitter yìí máa ń gbọ̀n lára apá tí ṣúgà bá ti ń lọ sílẹ̀ tàbí tó ń ga jù, ì báà jẹ́ pé fóònù wà nílé. Níbi òde ìnáwó, tí olórin ti gbé sípíkà síta, tí dùndún ń ké, ta ló máa gbọ́ àlámù fóònù nínú àpò? Kò sí sẹ́ńsọ̀ mìíràn nínú àwọn tí a mẹ́nu bà nínú àkọsílẹ̀ yìí tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àǹfààní kejì ni pé tí pílásítà bá já, transmitter nìkan ló bọ́; ẹ ó lẹ̀ ẹ́ padà, iṣẹ́ ń lọ. Libre tàbí Dexcom tó bá já lára lọ́jọ́ kẹta ti parí nìyẹn, owó ti wọgbó.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sórí ìka gígún. Ní ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, Eversense 365 ń fẹ́ kí ẹ gún ìka lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, kí ẹ sì tẹ nọ́ńbà tí strip bá sọ sínú áàpù rẹ̀ lórí fóònù láti fi tún un ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: bíi strip 64 lọ́dún, páálì oní-50 méjì, á tún ṣẹ́ kù fún ìgbà tí ẹ bá fẹ́ dán an wò. E3 ń fẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ fún 21 ọjọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́, ìyẹn bíi 201 láàárín oṣù mẹ́fà péré. Ẹni tí kò ní sẹ́ńsọ̀ rárá, tó ń gún ìka lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ bí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lo ínsúlínì ṣe yẹ kó máa ṣe, máa lo 1,460 lọ́dún. Ìyàtọ̀ yẹn ò kéré.

Ẹ wo ibi tó ti lè dani láàmú. Omi ara ni kápúsù ń wọ̀n, ẹ̀jẹ̀ ni strip ń wọ̀n, omi ara sì máa ń fi bíi ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tẹ̀ lé ẹ̀jẹ̀. Ká ní èèyàn jẹ iyán tán, ṣúgà ń gòkè lọ, ó gún ìka, strip ní 210 mg/dL, òṣùwọ̀n tí a ń lò nínú àkọsílẹ̀ yìí. Omi ara ṣì wà ní 180 lásìkò yẹn. Tó bá wá tẹ 210 sínú áàpù, ó ti kọ́ ẹ̀rọ pé ìmọ́lẹ̀ 180 ni kó máa pè ní 210. Lórí E3, àtúnṣe ọjọ́ kejì lè gbé e padà sọ́nà. Lórí 365, ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni nọ́ńbà fi lè máa ga ju bó ṣe rí lọ, ẹni tó ń fi nọ́ńbà yẹn díwọ̀n ínsúlínì á sì máa gún ju bó ṣe yẹ. Nítorí náà, kí oúnjẹ àárọ̀ tó wọlé ni kí ẹ ṣe é, nígbà tí ọfà ojú áàpù bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, tí kò kọrí sókè tàbí sílẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ fọ ọwọ́, ẹ nù ún gbẹ. Ìka tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bó ọsàn tàbí máńgòrò lè sọ 110 di 250. Ẹ̀rọ ìka kan náà ni kí ẹ máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kí strip sì máa gbé inú ìgò rẹ̀ pẹ̀lú ìdérí. Èyí tó sùn sínú mọ́tò tí wọ́n páàkì sí oòrùn, ẹ jù ú nù.

Ohun tó kàn yìí ni a fẹ́ kí ẹni tó ń bọ̀ wálé kà lẹ́ẹ̀mejì. Ọ̀kan nínú oògùn tí àwọn dókítà òkè òkun máa ń fún ẹni tó ń bọ̀ ní Nàìjíríà kí ibà má bàa mú un ni doxycycline. Ọmọ ìyá tetracycline ni, ìwé Eversense fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ pé àwọn oògùn ìdílé tetracycline lè mú kí sẹ́ńsọ̀ ka ṣúgà sísàlẹ̀ ju bó ṣe rí lọ. Doxycycline kì í ṣe oògùn ọjọ́ kan. Ẹ ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ kan tàbí méjì kí ẹ tó wọkọ̀, ẹ ó máa lò ó lójoojúmọ́ tí ẹ bá wà nílé, ẹ ó sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́yìn tí ẹ bá padà. Ẹni tó wá lo ọ̀sẹ̀ méjì ní Òṣogbo máa gbé e mì fún nǹkan bíi 44 ọjọ́, gbogbo àkókò yẹn sì ni kò gbọ́dọ̀ fi ojú sẹ́ńsọ̀ ṣe ìpinnu. Àlámù á máa pariwo pé ṣúgà ti lọ sílẹ̀, àwọn ará ilé á sáré gbé mínírà wá, ṣúgà tó ti wà ní 190 tẹ́lẹ̀ á wá fò lọ sí 300. Kí ẹ tó kúrò lọ́hùn-ún, ẹ sọ fún dókítà pé Eversense wà lápá yín, kí ó wo bóyá atovaquone-proguanil, tí wọ́n ń tà ní orúkọ Malarone, bá yín lára mu. Ìyẹn ò sí nínú ìdílé tetracycline, ọjọ́ méje péré lẹ sì máa lò ó lẹ́yìn tí ẹ bá padà.

Kápúsù aláwọ̀ pupa àti ìyeyè tí gbogbo kẹ́míìsì ń tà, tí ẹnikẹ́ni máa ń gbé mì tí inú bá ti ń ṣí, tetracycline náà nìyẹn. Ẹ má gbà á lọ́wọ́ ẹnì kankan.

Lọ́wọ́ kejì ẹ̀wẹ̀, parasitamọ́ọ̀ àti fítámì C kì í da Eversense láàmú. Libre 2 máa ń ka nọ́ńbà sókè tí èèyàn bá ń lo fítámì C tó ju 500 mg lọ lójúmọ́. Dexcom náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí parasitamọ́ọ̀ bá ju 1,000 mg lọ láàárín wákàtí mẹ́fà. Níbi tí parasitamọ́ọ̀ ti jẹ́ oúnjẹ fún àwọn kan, Eversense gba máàkì níbẹ̀.

Ní ti pé ó ń sọ òótọ́ tó, ìyàtọ̀ àárín òun àti ẹ̀rọ ilé àyẹ̀wò jẹ́ 8.8 nínú ọgọ́rùn-ún tí a bá pín in dọ́gba. Tí ẹ̀jẹ̀ bá jẹ́ 200 mg/dL, á máa fi nǹkan bíi 18 ga tàbí kéré. Ìyẹn dára fún iṣẹ́ ojoojúmọ́. Ohun tí ara bá sọ, tí ẹ̀rọ bá sọ òmíràn, ẹ gún ìka. Èrè tó wà nínú sẹ́ńsọ̀ ni pé èèyàn á rí ipa oúnjẹ lójú ara rẹ̀, bí òkèlè iyán ṣe ń gbé ṣúgà fò àti bí ẹ̀wà ṣe ń gbé e rìn pẹ̀lẹ́. Ibi tí ẹ fẹ́ kó máa wà ni 70 sí 180, fún ohun tó ju 70 nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí ọjọ́ lọ. Àwọn tó ń gbààwẹ̀ Ramadan náà lè fi ṣọ́ ara wọn: tó bá lọ sísàlẹ̀ 70 tàbí tó ju 300 lọ, ìmọ̀ràn oníṣègùn ni pé kí wọ́n ṣínu lọ́gán, ì báà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí wọ́n pe ìrun.

Àwọn kan tún wà tí ọ̀rọ̀ sẹ́ńsọ̀ kàn ju gbogbo èèyàn lọ: ẹni tó jẹ́ SS tó tún ní àtọ̀gbẹ. Àyẹ̀wò HbA1c tí wọ́n ń ṣe ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta láti fi mọ bí ṣúgà ṣe rí láàárín oṣù náà gbára lé bí ẹ̀jẹ̀ pupa ṣe pẹ́ láyé tó, ti SS kì í sì í pẹ́. Èsì rẹ̀ á kéré, gbogbo èèyàn á máa yọ̀, bẹ́ẹ̀ ṣúgà ń gòkè. Sẹ́ńsọ̀ èyíkéyìí, yálà ti abẹ́ awọ tàbí ti orí awọ, ò ní ìṣòro yìí.

Kí ló wá dé tí a ò júwe Eversense fún ará Òṣogbo? Yíyọ rẹ̀ ni. Lẹ́yìn 365 ọjọ́, dókítà tó mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ wá kápúsù náà kàn lábẹ́ awọ, kó la ojú kékeré, kó fi irin fà á jáde, kó sì fi tuntun sí apá kejì. Nígbà mìíràn ó máa ń sá kúrò lọ́wọ́, wọ́n á ní láti fi ẹ̀rọ ultrasound wá a. Dókítà abẹ tó mọṣẹ́ lè yọ ọ́ ní ilé ìwòsàn ńlá lóòótọ́, ṣùgbọ́n irin tí wọ́n fi ń ti tuntun wọlé àti ẹni tó kọ́ ọ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń bá pàdé lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán. Nítorí náà, tí ọjọ́ ìparí sẹ́ńsọ̀ bá máa bọ́ sáàárín ìrìn àjò, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó wá. Tí ilé ìwòsàn bá sì fẹ́ ya MRI fún yín, ẹ sọ pé ó wà lápá, kí ẹ sì yọ transmitter sílẹ̀ lóde.

Ẹni tó ń gbé ìlú, tó ń lọ sí kílíníìkì ní UNIOSUN Teaching Hospital tàbí Asubiaro, Libre 2 ni ká sọ fún un. 14 ọjọ́ ni ọ̀kan ń lò, 26 lọ́dún, ẹ ó fi ara yín lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá, kò sì fẹ́ ìka gígún fún àtúnṣe. Ọmọ ọdún mẹ́rin sókè lè lò ó. Dexcom G7 gba ọmọ ọdún méjì sókè, ọjọ́ mẹ́wàá pẹ̀lú wákàtí méjìlá ẹ̀bùn ló sì ń lò. Ẹni tí kò lágbára rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù dópin lè lẹ ẹyọ kan ṣoṣo ní ọ̀sẹ̀ méjì tó ṣáájú ọjọ́ dókítà, kó gbé àkọsílẹ̀ rẹ̀ lọ. Àmọ́ ẹ kíyè sí ibi tí ẹ ti ń rà á. Láàárín 4°C sí 25°C ni ó yẹ kí páálì Libre 2 wà kí wọ́n tó tú u. Ṣọ́ọ̀bù tí kò ní AC ti kọjá ìyẹn kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ béèrè ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí, ẹ ka ọjọ́ tó máa kú. Èyí tí ẹnì kan gbé bọ̀ láti London ń fẹ́ áàpù ti London, mmol/L ló sì fi ń kà: ẹ fi 18 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ tó bá dókítà yín sọ̀rọ̀. 12 lójú áàpù yẹn kì í ṣe ṣúgà tó lọ sílẹ̀ o, 216 ni.

Ẹni tó ń gbé Eversense bọ̀ wálé fún oṣù kan, kó kó pílásítà tó tó 50, torí 30 ò ní tó nínú ooru. Kó mú ohun tí wọ́n fi ń gba transmitter síná àti okùn rẹ̀, power bank, ẹ̀rọ ìka pẹ̀lú páálì strip kan, àti ìwé dókítà tó sọ ọjọ́ tí wọ́n fi sí i àti apá tó wà. Báàgì tó máa gbé lọ́wọ́ ni kó kó gbogbo rẹ̀ sí, kó má ṣe kó wọn sínú èyí tó ń lọ sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú.